Ọwọ́ Kejì Lórí Ìbòrí Ìyàwó

Kí ni a ti mọ̀ nípa nẹ́ẹ̀tì? Ẹ jẹ́ ká jọ rò ó. A mọ̀ pé ihò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, òwú ló kéré. A mọ̀ pé ẹ̀fọn kò lè gba inú rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ń gbà á láìbéèrè. A mọ̀ pé bí ìyàwó bá fi bo orí, a ṣì ń rí ẹ̀rín rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé nẹ́ẹ̀tì kì í báni bo àṣírí. Lórí aṣọ mìíràn, ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà lè ta kókó sí ẹ̀yìn, kó gé òwú níbi tó wù ú, kó sì fi iwájú nìkan han ayé. Nẹ́ẹ̀tì kò ní ẹ̀yìn. Ohun tí o bá ṣe sí i, tọ̀tún tòsì ni wọ́n ti ń rí i.

Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í fi í ta kókó. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi tẹ̀ lé ihò, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, títí òdòdó yóò fi yọ jáde bí ẹni pé inú afẹ́fẹ́ ló ti hù. Bí òwú bá kù díẹ̀ kó tán, wọ́n á dá a padà sí ojú ọ̀nà tó gbà wá, yóò sì sá pamọ́ sínú ara rẹ̀.

Òfin kan tún wà. Òwú ẹnì kan kò gbọdọ̀ gùn ju apá onítọ̀hún lọ. Láti orí ìka àárín títí dé abíyá ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gé e. Bó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò lọ́ mọ́ ara rẹ̀, ihò nẹ́ẹ̀tì yóò sì máa họ ọ́ jẹ díẹ̀díẹ̀.

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ti fi òfin yìí kọ́ àwọn obìnrin tí iye wọn lé ní ogójì. Màmá ni gbogbo wọn ń pè é, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin sì ni. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ní fèrèsé ńlá mẹ́ta. Férémù onígi gígùn kan wà láàárín rẹ̀, àga sì wà ní ìhà méjèèjì férémù náà. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé, Màmá jókòó sí àyè rẹ̀, ó na ọwọ́ sí òdòdó keje tó wà lórí nẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró.

Lọ́sàn-án Sátidé, ewé mẹ́ta ló ṣe sí òdòdó náà lára. Ó dá a lójú, nítorí ó fi ìka kà á kó tó fẹ̀yìn ti àga láti rẹjú; nígbà tó jí, kò fọwọ́ kan iṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, ewé márùn-ún ló wà níbẹ̀.

Ó tún un kà. Ó kà á láti ọ̀tún, ó kà á láti òsì. Márùn-ún náà ni. Iṣẹ́ ọ̀hún mọ́ tónítóní, ó le dáadáa, kò sí ihò kan tí abẹ́rẹ́ fò.

"Àbí mo ti ń ṣarán ni?" ó bi ara rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹni tó ń fetí sílẹ̀ láàárín yín yóò ti bèèrè pé, kí ló dé tó fi ń fi ìka kà? Ojú ńkọ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ojú Màmá ti ń lọ. Kò fọ́ tán o. Ó ń rí ẹ̀gbẹ́ ohun gbogbo, àárín ni kò rí. Bí ènìyàn bá dúró níwájú rẹ̀, yóò rí etí méjèèjì, yóò rí èjìká, ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí imú àti ẹnu wà, èéfín ló ń rí. Dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ bàtà, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, kò sì sọ fún ẹ̀dá alààyè kan.

Kò lè sọ ọ́, nítorí ó ti ṣèlérí. Ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Ẹyẹlé ló sì ń pè é, nítorí pé láti kékeré ni ọmọ náà kì í ti í jìnnà sílé. Ìyá Ẹyẹlé, tí í ṣe ọmọ Màmá, kú nígbà tí Ẹyẹlé ṣì ń rákò. Abẹ́ férémù yìí ni ọmọ náà dàgbà sí, tó ń fi àjákù òwú ṣeré láàárín ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ tó mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá sílé, ó fi apá méjèèjì kọ́ ìyá àgbà rẹ̀ lọ́rùn.

"Màmá, ìbòrí mi ńkọ́?"

"Ìbòrí rẹ ti wà lórí ìka mi, ó kù kí n gbé e sórí nẹ́ẹ̀tì."

"Ìka yín nìkan o! N ò fẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì níbẹ̀. Bí mo bá dé e, mo fẹ́ kó dà bíi pé ọwọ́ yín lẹ gbé lé mi lórí."

"Kò sí ọwọ́ mìíràn tí yóò kàn án," ni Màmá wí. "Mo ṣèlérí."

Òdòdó mọ́kàndínlógún ló yí etí ìbòrí náà ká. Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnì kan ti wá fi ọwọ́ kan òdòdó keje.

Àwọn mẹ́ta péré ló ń bá a ṣiṣẹ́ nígbà náà. Àkọ́kọ́ ni Apágùn, ẹni tó lè ti fèrèsé láìdìde lórí àga. Èkejì ni Ẹlẹ́rìn-ín, tí àṣìṣe tirẹ̀ gan-an máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta ni Adákẹ́, ọ̀rọ̀ méjì sì lè tó o ní odindi òwúrọ̀. Bí ọ̀sán bá pọ́n, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun nínú ọgbà, Màmá á sì fẹ̀yìn ti àga rẹ̀, yóò rẹjú díẹ̀.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, nígbà tó jí lójú oorun ọ̀sán, ewé kan ti kún un. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó bá àárín òdòdó kẹjọ tí ẹnì kan ti kún tán, èyí tó le jù nínú iṣẹ́ náà. Màmá rò pé àánú òun ló ń ṣe àwọn ọmọ wọ̀nyí, pé wọ́n ń yọ́ gòkè wá bá òun ṣiṣẹ́. Àánú náà dùn mọ́ ọn, ó sì dùn ún. Òun tó ti ń sọ fún wọn láti ogún ọdún pé, "Iṣẹ́ tí o kò ṣe, má ṣe gba ìyìn rẹ̀!"

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè ló ṣe ohun tó máa ń dun oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ bí ẹni ń yọ eyín: ó tú iṣẹ́, ọ̀kan nínú ewé tí ẹnì kan fi kún un. Nítorí pé kò sí kókó, òwú lè jáde lódindi bí èèyàn bá ní sùúrù. Ó ń fà á jáde láti ihò dé ihò, títí òwú kan fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ẹ na apá yín."

Ẹlẹ́rìn-ín ti bẹ̀rẹ̀. "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ gún wa ní abẹ́rẹ́ ibà ni?"

"Na apá, kí o sì pa ẹnu dé."

Ó fi òwú náà lé orí ìka Apágùn, ó fà á gòkè. Kò kọjá ìgúnwọ́ rẹ̀ ju ìka méjì lọ. "Kì í ṣe tìrẹ," ni Màmá wí. "Tìrẹ tó so màlúù mọ́lẹ̀." Ó wọ̀n ọ́n mọ́ apá Ẹlẹ́rìn-ín, kò dé ibì kan. Ó kan Adákẹ́, ẹni tó kéré jù nínú wọn. Òwú náà tún kù ní ìka mẹ́fà kó tó dé abíyá rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ẹni tó wá sọ̀rọ̀: Adákẹ́ ni.

"Màmá, a mọ̀ nípa ojú yín."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Ó pẹ́ tí a ti mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ kí igi ìfaṣọkọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé kó káàbọ̀, kó wá jókòó."

"Ẹ tiẹ̀ ń bínú sí i pé kò dáhùn!" ni Ẹlẹ́rìn-ín wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Màmá pàápàá rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀.

Apágùn fi ọwọ́ nu ojú. "À ń bá yín wọ òwú sínú abẹ́rẹ́ láràárọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbòrí yẹn, Màmá, a ò fọwọ́ kàn án. Ta ni yóò fẹ́ kí Ẹyẹlé bá òun fa wàhálà?"

Màmá gbà wọ́n gbọ́. Ohùn kì í purọ́ fún ẹni tó ti ń fi etí wo ènìyàn láti oṣù mẹ́jọ. Ó na òwú náà mọ́ apá ara rẹ̀. Ó kọjá ìgúnwọ́ díẹ̀, ó tán.

"Màmá," Apágùn sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "apá ọmọdé nìyí."

Kò sí ọmọdé kankan nínú ilé náà. Màmá gbé òwú náà sí imú. Ìda oyin ló ń rùn lára rẹ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fa òwú kọjá lára ìda kó lè máa yọ̀. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí ẹnikẹ́ni kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí ìda máa ń kó eruku, yóò sì sọ òwú funfun di pupa rúsúrúsú. Kò sí ìda kankan nínú àpótí iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà lọ, bí ọ̀sán bá ti kù díẹ̀ kó pọ́n, Ẹlẹ́rìn-ín ti wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Adákẹ́ ní òun yóò dúró ti Màmá, ṣùgbọ́n Màmá kọ̀.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi rí i."

Ọ̀sán Fúráìdeè gbóná. Ẹ̀rọ ìránṣọ tó máa ń ké ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì dákẹ́, ẹni tó ni ín ti lọ jẹun. Kọ́tìnnì kò mì. Màmá di ojú bí ẹni tó sùn, ó fi ìka mẹ́ta lé nẹ́ẹ̀tì jẹ́jẹ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí náà. Nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fà le lórí férémù máa ń ròyìn ara rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá wọ ihò kan ní òdìkejì, ìka tó wà níhìn-ín yóò mọ̀ ọ́n, bí aláǹtakùn ti ń mọ̀ pé nǹkan ti kó sínú okùn òun. Màmá dúró. Ó gbọ́ ìró bàtà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí àtẹ̀gùn, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ tì. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ ohunkóhun mọ́.

Òórùn ìda ló kọ́kọ́ dé.

Nẹ́ẹ̀tì gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì. Lókè, nísàlẹ̀. Lókè, nísàlẹ̀. Ẹnì kan ń ránṣọ níwájú rẹ̀.

Màmá la ojú, ó wo iwájú gan-an, èéfín nìkan ló rí. Ó wá rántí irú ojú tó kù fún un. Ó rọra yí ojú sí fèrèsé bí ẹni tí kò bìkítà, ìgbà náà ló rí i ní etí ojú rẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ó tẹ orí sílẹ̀, ó fi eyín tẹ ètè ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀. Àkísà búlúù kan wà tí wọ́n fi di àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Màmá fi ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ wá àtàǹpàkò ara rẹ̀. Kókó kékeré kan wà níbẹ̀, ó le bí ẹ̀wà gbígbẹ. Abẹ́rẹ́ ló kán sí i níbẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá rẹ̀ fa etí épírọ̀nù búlúù rẹ̀ ya láti fi dì í.

Gbogbo rẹ̀ wá padà sí i lọ́kàn bí ìgbà tí èèyàn ṣí àpótí tí ó ti gbàgbé. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, oorun máa ń gbé e lọ lọ́sàn-án, orí rẹ̀ á sì wà lórí férémù. Nínú oorun náà, yóò bá ara rẹ̀ ní yàrá kan tó ní fèrèsé ńlá mẹ́ta. Ìyá arúgbó kan á jókòó ní òdìkejì, kì í sọ̀rọ̀, fèrèsé ló sì máa ń wò nígbà gbogbo. Ọmọ náà rò pé arúgbó náà kò fẹ́ràn òun ni kì í fi í wo òun lójú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà níwájú wọn lẹ́wà ju iṣẹ́ kankan tó tí ì rí lọ, nítorí náà yóò mú abẹ́rẹ́, yóò sì máa ṣe é. Bó bá jí, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á ti ṣófo, òwú á ti tán, kò sì sí iṣẹ́ kankan lórí nẹ́ẹ̀tì ti ìyá rẹ̀.

"Níbo lo ń gbé òwú yìí lọ?" ìyá rẹ̀ a máa jágbe. "Ṣé ò ń jẹ ẹ́ ni, bí ewúrẹ́?"

Ìgbà kan ló gbìyànjú láti ròyìn àlá náà. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ó ní kò gbọdọ̀ sọ ọ́ mọ́.

Ẹ̀yin náà mọ òwe tó ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tí ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Òwe náà kò sọ fún wa pé ọwọ́ méjèèjì lè jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Bí ẹ̀rù ti ba Màmá tó, ẹ̀rín ló ń gbọ̀n án níkùn. Ó ṣèlérí fún Ẹyẹlé pé kò sí ọwọ́ mìíràn tí yóò kan ìbòrí náà, kò sì sí ọwọ́ mìíràn tó kàn án.

Ó di pé àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lọ́sàn-án. Màmá mú ìtàkùn àti ewé gígùn tí ìka lè tẹ̀ lé, ó fi àárín òdòdó sílẹ̀ fún ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. Ọmọ náà máa ń fa òwú le jù níbi tí iṣẹ́ bá ti yí igun. Màmá á fi èékánná lu nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, tọ́, tọ́, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe, yóò sì mọ̀ ọ́n lábẹ́ ìka pé òwú dẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ o. Ó rántí pé arúgbó inú àlá náà kì í sọ̀rọ̀, ó sì ń bẹ̀rù pé bí òun bá la ẹnu, nǹkan á bàjẹ́. Bí àwọn mẹ́ta ìsàlẹ̀ bá gòkè wá, wọ́n á bá a tó ń fi ẹ̀rín músẹ́ wo ojú fèrèsé.

"Àlejò yín wá?" Ẹlẹ́rìn-ín á bèèrè láti ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan lóde.

"Ó wá. Ó mọṣẹ́ jù ọ́ lọ."

Ọjọ́ tí wọ́n parí òdòdó kẹtàdínlógún ni Màmá rántí bí àlá náà ṣe parí.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn, ó kù díẹ̀ lára òdòdó tó kẹ́yìn ní igun ọ̀tún. Ọmọ náà dé, ó mú abẹ́rẹ́, ó gbé ojú sókè, kò sì rí arúgbó náà. Àga ṣófo. Sísọ́ọ̀sì rẹ̀ ló wà lórí àga náà. Ọmọ náà parí iṣẹ́ náà lóun nìkan. Láti ọ̀sán ọjọ́ náà, kò lá àlá ọ̀hún mọ́. Àárín òdòdó ìkẹyìn ló ń kún lọ́jọ́ náà. Ó dá a lójú.

Màmá gbà pé ikú òun ni àga òfìfo yẹn túmọ̀ sí. Ó ka òdòdó tó kù: méjì. Ó ka ọjọ́ tó kù: mẹ́jọ.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni àyàfi Adákẹ́. Ó fi ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà hàn án, ó fi àpótí àwọn bébà àwòrán òdòdó hàn án. "Bí n kò bá sí mọ́," ó wí, "má jẹ́ kí Ẹlẹ́rìn-ín sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú mi. Ẹ̀rín á pa á, ẹ ó sì rò pé ó ti ya wèrè."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo fẹ́ rí ọjọ́ tí Ẹyẹlé yóò dé ìbòrí yìí ni. Ìyẹn nìkan ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún."

Ó gbìyànjú láti fi ọgbọ́n fa ọjọ́ náà sẹ́yìn. Odindi ọjọ́ méjì ni kò fi abẹ́rẹ́ kan òdòdó ìkẹyìn. Ọmọ náà kò dúró dè é, ewé ń kún ewé lójoojúmọ́. Nígbà tó di Tọ́sìdeè, tí ìgbéyàwó ku ọ̀tunla, àárín òdòdó náà nìkan ló ṣẹ́ kù, ibi tí kò tóbi ju èékánná lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí àwọn yòókù ti sọ̀ kalẹ̀, Màmá mú etí ìró rẹ̀, ó so ó mọ́ apá àga. Bó bá jẹ́ pé ikú ló ń bọ̀, á bá òun nínú àga yìí, òkú òun á sì jókòó síbẹ̀. Àga kò ní í ṣófo. Ó gbé sísọ́ọ̀sì lé itan, ó yí ojú sí fèrèsé, ó ń dúró.

Òórùn ìda ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé nígbà tí ó gbọ́ ohùn kan láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Màmá! Ẹ jáde, ẹ wá wò mí! Aṣọ yìí kò gba ẹnu ọ̀nà yín wọlé!"

Ẹyẹlé ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, ó sì ti wọ̀ ọ́ gòkè wá. Ìsàlẹ̀ aṣọ náà fẹ̀ bí agbòòrùn ńlá, ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ sì há.

"Ní sùúrù díẹ̀," ni Màmá wí.

"Màmá mi, mo ti ṣe sùúrù dé orí òkè! Ẹ wá, kí n tó fi òógùn ba aṣọ jẹ́."

Ta ni yóò jókòó? Màmá tú etí ìró rẹ̀. Ó dìde, ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ lórí àga, ó fi ọwọ́ tẹ̀ lé ògiri jáde. Ó ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó mọ ohun tí òun ṣe.

"Báwo ni mo ṣe rí?" ni Ẹyẹlé bèèrè. Ó yí po, aṣọ náà ń ró wàràwàrà.

Màmá rí etí méjì tó ní yẹtí. Ó rí funfun púpọ̀. Ní àárín, èéfín. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ti wà lẹ́nu rẹ̀: o rẹwà. Ó gbé e mì.

"Ẹyẹlé mi, n ò rí ojú rẹ. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí n ò rí i. Mo ń fi pa mọ́ fún ọ."

Aṣọ náà dẹ́kun ríró. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ tútù méjì mú ọwọ́ Màmá, wọ́n gbé e sókè.

"Ẹ fi ìka wò mí nígbà náà," ni Ẹyẹlé wí. "Ṣebí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń wo nẹ́ẹ̀tì."

Màmá wò ó. Ó wo iwájú orí, ó wo imú tí ó jọ ti ọmọ òun tó ti kú, ó wo ẹnu tó ń gbọ̀n, ó nu omi tó bá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó wo ọrùn, ó wo ìbàdí aṣọ níbi tí wọ́n ti fún un. Ó ní wọ́n fún un jù, kò ní lè jẹun. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

"Ta ló wá bá yín ṣe ìbòrí mi?" ni Ẹyẹlé bèèrè, jẹ́jẹ́ báyìí.

"Èmi ni."

"Màmá."

"Èmi ni, ọmọ mi. Ọwọ́ mi nìkan."

Ẹyẹlé kó aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó mú Màmá lọ́wọ́ padà sí ibi férémù. "Ó ti parí!" ó kígbe. "Òdòdó ìkẹyìn ti parí! Màmá, kí ló ń rùn bí ìda báyìí?"

Màmá fi ìka kan igun ọ̀tún. Àárín òdòdó kún, wọ́n sì ti dá òwú padà sínú ara rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó na ọwọ́ sí àga láti jókòó. Sísọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú àga tutù. Omi ni, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó kóra jọ ní ibi kékeré kan, bí ibi tí ọmọdé gbé ojú lé.

Ìgbà náà ló rántí èyí tó kù. Ọmọ náà sunkún. Ó gbà pé arúgbó náà ti kú, ó gbé orí lé àga rẹ̀, ó sì sunkún títí tó fi jí. Ọdún márùndínláàádọ́rin ni ìbànújẹ́ náà fi wà níkùn rẹ̀ láìmọ ìdí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ nítorí ẹni tó dìde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Màmá kúnlẹ̀ níwájú àga, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀.

"Má sunkún mọ́," ó wí. "N ò kú. Mo lọ wo ọmọ wa ni. Ó rẹwà. O gbọ́? Mo lọ wo ọmọ wa."

Ó gbìyànjú láti rántí bóyá òun gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nígbà náà lọ́hùn-ún, lórí férémù ìyá òun. Kò rántí. Ó tún un sọ, ó gbé ohùn sókè díẹ̀. Ẹyẹlé dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà lọ́jọ́ Sátidé. Màmá ló dé ìbòrí náà lé e lórí. Láti Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, bí ọ̀sán bá pọ́n, ó máa ń jókòó sí àyè rẹ̀, yóò yí ojú sí fèrèsé, yóò sì sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí ó lè wọ ọmọ náà létí. Òórùn ìda kò padà wá. Kò tíì padà wá.

Ó tó báyìí, ó kan ìwọ náà. Lọ́la, wá nẹ́ẹ̀tì díẹ̀, kó má ju ìbú ọwọ́ méjì lọ, fà á le lórí férémù tàbí lórí etí àpótí. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó, ìlà gbọọrọ kan ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Wọn òwú rẹ mọ́ apá rẹ, má ta kókó. Gbé àga kan sí òdìkejì, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Bí oorun bá gbé ọ lọ lórí iṣẹ́, jẹ́ kó gbé ọ. Bí o bá jí, kí o tó dìde, kọ́kọ́ ka ìlà rẹ.